Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Krunija Pa Rẹ́

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹni. Èmi ni mo máa ń se oúnjẹ òkú ní abúlé wa. Ogójì ọdún ni mo ti ń ro àlìkámà òkú, tí mò ń yan búrẹ́dì òkú. Ẹni tó bá sì dúró nídìí ààrò, kò sí ohun tí kò ní gbọ́. Ohun tí Savka kò lè sọ fún àlùfáà, ó sọ fún mi. Ohun tí Krunija kò lè sọ fún Ọlọ́run pàápàá, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, èmi náà ló sọ ọ́ fún.

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Krunija ni Paun. Savka ni ìyàwó Paun. Zorka, ọmọ ọdún márùn-ún, ni ọmọ tí wọ́n bí. Abúlé ìsàlẹ̀ níbi tí mò ń gbé ni tọkọtìyàwó yìí kọ́lé sí. Krunija wà ní abúlé òkè, àfonífojì ló sì wà láàárín. Tọkọtaya náà ti ríṣẹ́ sí ìlú Vienna ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti di ẹrù. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n lọ nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù Paun dún lẹ́ẹ̀mejì. Savka ń to aṣọ sínú àpótí, ó rí i bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní, "Kí ló dé?" Ọkọ ní kò sí nǹkan. Ó wọ kóòtù, ó gun katakátá jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i ní kọ́nà àfonífojì, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì láti ayébáyé. Katakátá ti dà lé e láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ti gan mọ́ ọn.

Krunija ló wẹ òkú ọmọ rẹ̀. Òun ló fi omi gbígbóná tú ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lè yọ fóònù. Nígbà tó jáde síta, ó kígbe sí gbogbo ayé pé Savka ló bú ọmọ òun jáde nílé, pé èébú tó kọ ránṣẹ́ ni Paun kà tó fi wọ inú yìnyín. Ẹ gbà mí! Kíá ni gbogbo abúlé ti gbà á gbọ́. Ó mú Zorka lọ sílé rẹ̀, ó tú ajá méjì sẹ́nu géètì. Ọlọ́pàá abúlé, ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Krunija ní ẹ̀jẹ̀ Paun kò ní bá ẹni tó pa Paun dé Vienna.

Bọ́ọ̀sì Vienna tí Savka gbọ́dọ̀ wọ̀ kí iṣẹ́ náà má bàa bọ́, ọjọ́ tí a ó ṣe ogójì ọjọ́ Paun gan-an ló ń lọ. Ogójì ọjọ́ ni Savka ní láti fi gba ọmọ rẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsìnkú, kí a tó jókòó jẹun, Krunija yọ́ lọ sọ́dọ̀ Persida.

Gbogbo wa la mọ Persida, àní àwọn tó ń sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ó ń gbé lẹ́yìn òkè, ojú kan ni ó fi ń ríran, èyí tó fọ́ yẹn ni wọ́n sì sọ pé ó fi ń rí wa. Òun ló ti po omi kan fún Krunija ṣáájú, omi tí yóò mú kí ọmọ kọ ìrìnàjò. Paun gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó mu ún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìjẹ láìmu nǹkan kan. Omi náà ṣì wà nínú ìgò lórí pẹpẹ nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọlé.

"Èmi ni mo pè é," ni Krunija wí. "Mo kọ ọ́ sí i pé mò ń kú lọ. Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi. Mo pa á rẹ́ lórí tirẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ pátá. N kò tilẹ̀ wo ohun tí mò ń tẹ̀, ojú mi kún fún omi."

Persida rẹ́rìn-ín músẹ́. "O pa á rẹ́, àbí? Ohun tí a pa rẹ́ kì í lọ ibì kan, Ìyá Paun. Ó ń sùn ni. Kò sì ní sùn dákẹ́ nínú ilé rẹ."

"Kí n lọ sọ fóònù náà sódò?"

"Ohun òkú? Kí ọmọ rẹ máa rìn lọ́wọ́ òfìfo lọ́hùn-ún? Orí rẹ dà rú ni? Fi tọrẹ fún un."

Ibí yìí ni ará ibòmíràn ì bá ti fi òkúta fọ́ fóònù, kó sì wábi jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni wa ni Krunija. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ohun òkú ṣòfò. Ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ la máa ń fún ní aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, fìlà rẹ̀. Ẹni náà á máa lò ó níhìn-ín kí òkú lè máa lò ó lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbà á padà, torí ọwọ́ òkú lo ti já a gbà.

Nídìí tábìlì ìsìnkú, Krunija kó kóòtù Paun àti fóònù rẹ̀ fún Trailo tó ń sin oyin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. "Kí ó wà níwájú Paun," ni ó wí. Trailo gbà á, ó ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Mo wà níbẹ̀, mò ń bu ọbẹ̀. Mo wo Krunija, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

*

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni Savka wọlé tọ̀ mí, kò kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Rajna, ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà mi."

Mo lọ wò ó. Ilẹ̀pẹ̀ ni, dúdú, tó tutù, kì í ṣe ilẹ̀ ọgbà rẹ̀. Irun orí wà nínú rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó mẹ́sàn-án. Mo mọ ibi tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Adìyẹ rẹ̀ kan, abo ni o, ti ń kọ bí àkùkọ láti ìjẹta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tutù bí irin.

"Mo lọ sẹ́nu géètì wọn lánàá," ni ó wí. "Mo pe Zorka. Mo gbọ́ tó ń dá mi lóhùn nínú ilé, wọ́n sì bò ó lẹ́nu. Ìborùn Zorka ni mo rí lórí géètì, wọ́n ta á ní kókó. Ìyá Rajna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí."

N kì í ṣe oníṣègùn o, kí ẹnikẹ́ni má gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi náà ni mo mọ̀. Mo pọn omi láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo fi ẹyin iná mẹ́sàn-án sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń pe orúkọ. Mẹ́jọ léfòó. Orí ìkẹsàn-án ni mo pe Krunija. Ó rì gbìì bí òkúta, omi náà sì ṣú.

Savka sunkún, lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé òun ló pè é. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Bó bá ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú fóònù yẹn, ṣé kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá?"

"Ìyẹn kọjá agbára omi àti ẹyin iná," ni mo wí. "Wọ ẹ̀wù rẹ. A ń lọ sí ìlú Negotin."

*

Miloje ni orúkọ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Negotin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó tú wọn ní ìfun jáde. Ó gbọ́rọ̀ Savka, ó fi ìdí ìkọ̀wé họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọkàn sí i jù, ẹ má sì tíì sọkún. Tẹ́ ẹ bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, orúkọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni fóònù máa ń yọ. Ẹni tó wà nínú yàrá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àlejò tuntun bá dé, yàrá yẹn ni wọ́n á fi í sí, tí wọ́n á sì ti ẹni àkọ́kọ́ jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ti lọ pátápátá nìyẹn. Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ẹnikẹ́ni ò lò ó látìgbà náà, àbí?"

Èmi àti Savka wo ara wa. "Ẹnì kan ń fi ya àwòrán oyin," ni mo wí.

"Háà!" Miloje gbé ìkọ̀wé sílẹ̀. "Ẹ pa á kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan wọ inú rẹ̀ mọ́, wọ́n ò gbọdọ̀ ya ẹyọ àwòrán kan. Ẹ gbé e wá. N ò ṣèlérí o."

Nígbà tí a ń jáde, mo rí ọkọ̀ ọlọ́pàá abúlé wa lódì kejì títì. Ọmọ àbúrò Krunija jókòó nínú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára wa.

*

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Krunija ti dé ọ̀dọ̀ Persida.

"Wọ́n fẹ́ jí i dìde!" ni ó kígbe. "O ní ó ń sùn, wọ́n fẹ́ jí i o!"

Persida kò mọ fóònù yàtọ̀ sí ọṣẹ. Kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ, kí ẹ sì sọ fún mi bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ihò tó ṣófo ni òkú ń gbà jáde. Dí i. Máa rọ nǹkan sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí yóò fi kún dé ẹnu."

Ó fún un ní àbẹ́là kan tó ní kókó mẹ́sàn-án lára, ó ní kókó kan ni kó máa jó lójúmọ́, pé nígbà tí ìkẹsàn-án bá jó tán, ahọ́n Savka yóò lẹ̀ mọ́ èrìgì.

Láti ọjọ́ náà, Krunija kò sinmi. Ó ń ya àwòrán àbẹ́là, ó ń fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ń ya sàréè, ó ń ya àgbélébùú, ó ń ya àga tí Paun máa ń jókòó sí. "O jí ire, ọmọ mi." "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?" Ó sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun ti gbàgbé pé láti dí ihò lòun ṣe ń kọ ọ́.

*

Ọjọ́ mẹ́fà ni Trailo fi sá fún wa. A lọ sílé rẹ̀, wọ́n ní ó wà nídìí oyin. A lọ sídìí oyin, wọ́n ní ó ti wọlé. Ọjọ́ kejìdínlógójì ni mo ká a mọ́ inú àká, tó ń jẹ wàràkàṣì.

"Ẹ dákun, Ìyá Rajna, ẹ má kó mi sí wàhálà," ni ó wí kí n tó yanu. "Paun ló ni nǹkan yìí. Tí mo bá gbé e fún un yín, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ni mò ń dá sùn nílé mi o!"

"Ta ló ní kí o gbé e fún wa, ìwọ ọ̀yájú yìí? Ta ni yóò jókòó ní ipò Paun nídìí tábìlì lọ́túnla?"

"Èmi ni."

"Kóòtù ta lo wọ̀?"

Ó wo ara rẹ̀. "Ti Paun."

"Tí Paun bá gbé fóònù ara rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ta ni ó jà á lólè?"

Fóònù náà dún nínú àpò rẹ̀, ó fò sókè bí ẹni tí oyin ta. Ó tún dún. Ó tún dún.

"Ìyá Paun nìyẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ wò ó, ó ń kọ ọ́ bíi pé èmi gan-an ni Paun. Nígbà mìíràn, Ìyá Rajna, mo máa ń fẹ́ dá a lóhùn."

"Pa á."

"Kí Paun wà nínú òkùnkùn?"

"Ìwọ, ṣé o lè sùn níbi tí ìyá rẹ ti ń pariwo sí ọ létí láàárọ̀ lálẹ́? Jẹ́ kí ọmọlọ́mọ sinmi!"

Ó pa á. Mo fi efínrín lé ojú fóònù náà, mo fi òwú pupa yí i ká nígbà mẹ́sàn-án. Savka tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi la ẹnu láti dúpẹ́. Kò sí ohùn. Ó tún la ẹnu, ó fọwọ́ di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ là síta. Bóyá òtútù ló mú un. Ó ti ń rìn nínú yìnyín láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ka ọjọ́ lórí ìka mi, mo mọ̀ pé kókó keje ń jó lọ́wọ́ ní abúlé òkè lọ́jọ́ náà.

*

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógójì ni Miloje fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwa mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Trailo ń gbàdúrà. Savka ń fi ìka kọ̀wé sórí itan ara rẹ̀. Ní agogo mẹ́rin Miloje sọ pé ibi púpọ̀ ti kún, àwòrán oyin nìkan lé ní igba. Ní agogo márùn-ún ó ní, "Ẹ dúró."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa.

"Paun, àyà ń dùn mí, mò ń kú lọ. Wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Má sọ fún Savka." Orúkọ Krunija wà lókè rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: "Má jẹ nǹkan kan, má mu nǹkan kan kí o tó dé."

Savka kò lè kígbe. Ó fi orí lu ògiri lẹ́ẹ̀kan, mo dì í mú. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Krunija sọ òkò yìí torí Savka, orí ọmọ rẹ̀ ló fi gbà á.

Ṣùgbọ́n Miloje kò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. "Ọ̀kan ṣì wà. Èyí kò jáde nínú fóònù rárá. Kò rí nẹ́tíwọ̀kì ni." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìgbà mọ́kàndínlógún ló gbìyànjú láti fi ránṣẹ́."

"Màmá, katakátá dà lé mi ní kọ́nà àfonífojì. Ẹ mú irin gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilé wá. Ẹ tètè."

Mo rí i pé Savka ń wá nǹkan kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ń wá orúkọ tirẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

*

Ọjọ́ ogójì pé. Láàárọ̀ kùtù mo ti wà nílé ìdáná Krunija, mò ń ro àlìkámà. Àwọn àlejò kò tíì dé. Savka wọlé. Ajá méjèèjì wò ó, wọn kò gbó. Ó gbé ìwé tí Miloje tẹ̀ jáde sórí tábìlì, Krunija wọ awò, ó kà á. Ohun méjì tó kọ ránṣẹ́ nìkan ló wà nínú ìwé náà.

N kò rí i kí àgbàlagbà kéré báyẹn rí. Ó wọ yàrá, ó mú Zorka jáde, òun fúnra rẹ̀ ló de bọ́tìnnì kóòtù ọmọ náà dé ọrùn. Zorka fò mọ́ ìyá rẹ̀. Ohùn Savka padà lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Zorka mi, Zorka mi," ohùn náà ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí Krunija tó sọ̀rọ̀. "Savka. Jọ̀ọ́. Ṣé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn? Kò dá mi lóhùn? N kò wò ó kí n tó pa á rẹ́."

Savka bojú wẹ̀yìn. Ó wò mí, mo tẹ ojú mọ́ ìkòkò. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Fún ogójì ọjọ́ ni obìnrin yìí ti fi ọmọ dù ú, ó sì ti sọ ọ́ di apànìyàn lójú gbogbo ayé.

"Kò sí nǹkan kan," ni ó wí. "Ibẹ̀ ló parí sí."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Èmi ń ro àlìkámà. Mi ò sọ nǹkan kan, Ọlọ́run ló mọ̀ mí.

Lọ́sàn-án, a jókòó. Trailo wà ní ipò Paun nídìí tábìlì nínú kóòtù rẹ̀, ó ti fárùngbọ̀n, ojú rẹ̀ funfun. Krunija gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ó bu ọtí, ó bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi òkú ní ogójì ọjọ́ rẹ̀: "Jẹ, Paun. Mu, Paun. Kí lo tún ń fẹ́?"

Èsì ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n: "Mo ti yó, kí Ọlọ́run dárí jì wá." Trailo la ẹnu. Ó búra fún mi títí dòní pé èsì yẹn gan-an lòun fẹ́ sọ.

"Màmá," ni ó wí, "ẹ mú irin gbọọrọ wá. Ẹ tètè."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Krunija kò ké, kò ṣubú. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

"Níbo, ọmọ mi?"

"Ní kọ́nà àfonífojì."

Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó tú aṣọ ìdáná, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, a sì gbọ́ ìró irin lára ògiri. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, ó ti wà lójú títì nínú yìnyín, irin wà léjìká rẹ̀, ó ń sáré bí ara àgbà ṣe lè sáré. Ọmọ àbúrò rẹ̀ pè é, kò bojú wẹ̀yìn.

Bọ́ọ̀sì Vienna bá a lójú ọ̀nà. Savka ló sọ èyí fún mi lórí fóònù. Ó ní Zorka ló kọ́kọ́ rí i: "Màmá, níbo ni Màmá àgbà ń gbé irin lọ?" Awakọ̀ dín eré kù, ó bi àwọn èrò bóyá ẹnì kan mọ obìnrin náà, kí òun gbé e. Savka ní òun kò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì kọjá.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí láti Vienna. Kì í béèrè ilé rẹ̀, kì í béèrè adìyẹ rẹ̀. "Ìyá Rajna, ṣé ó tún gbé irin lọ sí kọ́nà lónìí?" Mo máa ń fẹ́ parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo máa ń sọ, pé ó lọ. Lẹ́yìn náà a ó máa gbọ́ èémí ara wa títí ọ̀kan nínú wa yóò fi gé fóònù.